Ẹni Tó Bá Ní Òun Ṣúà

Kí n tó jókòó kọ èyí, mo ti dìde lẹ́ẹ̀mejì lọ wo gáàsì nílé ìdáná. Ìyàwó mi ti sọ fún mi láti yàrá pé òun ti pa á. Mo ní mo gbọ́, síbẹ̀ mo lọ, mo fọwọ́ yí i wò, mo fimú gbóòórùn rẹ̀, mo padà wá jókòó. Ó fi mí rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń yà sọ́dọ̀ mi láti béèrè bóyá iṣẹ́ iná ṣeé kọ́, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ náà ṣeé kọ́, ó sì ń bọ́ni, àmọ́ bí ẹ bá kọ́ ọ bó ṣe yẹ, ọkàn yín kò ní fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀ mọ́.

Orúkọ mi ni Lámídì. Ìkìrun ni wọ́n ti bí mi. Ìtàn bí mo ṣe dé Ifọ̀ kò gùn rárá: ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Àgbàdo, òun ló mú mi lọ bá Ọ̀gá Ṣówándé, oníṣẹ́ iná tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá ọjà Ifọ̀. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Òyìnbó tí mo gbọ́ kò kún ọwọ́. Ọ̀gá kò tilẹ̀ béèrè ìyẹn. Ó ní kí n na ọwọ́ mi méjèèjì síwájú, ó sì wò wọ́n bóyá wọ́n ń gbọ̀n. Wọ́n ń gbọ̀n. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tẹ́rù kì í bà ni mi kì í gbà."

Ọ̀rọ̀ òyìnbó àkọ́kọ́ tó kọ́ mi ni "sure". Àwa ń pè é ní ṣúà, gbogbo wa la sì rò pé a mọ̀ ọ́n. Ta ni kò mọ ṣúà? Bí o bá bi awakọ̀ bóyá ó ń lọ sí Ṣágámù, á ní ṣúà, kò ní pẹ́ tí wàá bá ara rẹ níbòmíràn. Bí ẹnì kan ò bá fẹ́ kó o tún bi òun ní nǹkan mọ́, á ní ṣúà, ẹnu rẹ á sì pa dé. Bí a ṣe ń lò ó nìyẹn, bí ẹni ń kí èèyàn.

Lọ́jọ́ kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oṣù mélòó kan, a wà nílé tísà kan. Ọ̀gá ní kí n lọ pa méènì, súwíìṣì ńlá tó ń gbé iná wọ gbogbo ilé. Mo pa á, mo padà wá.

"O ti pa á?"

"Ẹ̀n, sà."

"Ṣé o ṣúà?"

"Mo ṣúà, sà."

"Ó dáa. Fọwọ́ kan wáyà yẹn."

Mo dúró. Mo wo wáyà, wáyà wò mí. Mo mọ̀ pé mo pa nǹkan kan, àmọ́ mo wá ń rò ó bóyá méènì ilé ni àbí ti ẹ̀rọ omi, nítorí súwíìṣì méjì ló wà lára ògiri yẹn. Ọ̀gá kò nà mí, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sì ń wò mí títí mo fi jẹ́wọ́ pé mi ò mọ̀ ọ́n dájú.

Ó ní, "Kí lo wá fi ẹnu ẹ sọ? Lọ́dọ̀ tèmi, ẹni tó bá ní òun ṣúà ni yóò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Tí o ò bá lè fọwọ́ kàn án, sọ pé o ò mọ̀. Àìmọ̀ kò pa èèyàn rí."

Òfin rẹ̀ nìyẹn títí mo fi kọ́ṣẹ́ tán, tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù. Bí o bá pa méènì, o gbọ́dọ̀ yọ fíúsì, kó o fi í sínú àpò ara rẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà dá iná padà lẹ́yìn rẹ. Lẹ́yìn náà, wàá fi gúlóbù tí a so wáyà méjì mọ́ tẹ́sìtì rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wàá fọwọ́ kàn án, ẹ̀yìn ọwọ́ o, torí bí iná bá mú àtẹ́lẹwọ́, ṣe ni ọwọ́ náà máa di wáyà mú, kò sì ní tú mọ́. Ìgbà yẹn lo tó lè la ẹnu.

Múdà lẹnì kejì mi níbẹ̀. Ọjọ́ orí wa dọ́gba, ọdún kan náà la sì wọṣẹ́, ṣùgbọ́n òun gbóyà, ẹnu rẹ̀ sì dùn. Òun ló sọ ọ̀gá ní "Bàbá Ṣúà" lẹ́yìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé oúnjẹ Ọ̀gá wá láti ilé. Ọ̀gá ní, "Múdà, ṣé iyọ̀ tó nínú ọbẹ̀ yìí?" Múdà ní, "Ṣúà, sà!" Ọ̀gá ní, "Ṣé o ti tọ́ ọ wò ni?" Ojú Múdà kọ́rẹ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti jí ọbẹ̀ ọ̀gá lá. Bó bá ní rárá, ó ti parọ́. Ṣe ló gbé abọ́ náà padà sílé lẹ́sẹ̀ lọ béèrè lọ́wọ́ ìyàwó Ọ̀gá, nínú oòrùn. Nígbà tó dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Wọ́n ní ó tó, sà. Àwọn ni wọ́n ṣúà." Ọ̀gá fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, èyí tí kò wọ́pọ̀.

Nígbà tí a gba fírídọ̀ọ̀mù tán, èmi àti Múdà ò pínyà. Ilé ti ń hù ní Ìbàfò àti Mowé nígbà náà, àwọn èèyàn ń kó kúrò ní Èkó, gbogbo wọn ló sì ń wá iná. A jọ ní àpótí irinṣẹ́ kan ṣoṣo. A jọ gbé ìyàwó láàárín ọdún kan náà. Iṣẹ́ náà bọ́ wa, ó rán ọmọ níwèé, n kò ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa ìyẹn. Irinṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Gúlóbù oníwáyà méjì la fi bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó yá, tẹ́sìtà dé, èyí tó rí bíi sùkúdíráfà tí iná pupa máa ń tàn nínú ìdí rẹ̀. Kò pẹ́ sí i, a ra mítà tó ń kọ nọ́ńbà. Bí irinṣẹ́ ti ń gbọ́n sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ wa ń yá sí i, bẹ́ẹ̀ náà la sì ń gbàgbé láti fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan wáyà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọdún tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ irú àwa yìí lọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Mo ti ra tèmi, kò tíì pé oṣù kan. Ọkùnrin kan ní Mowé, Dádì Tolú ni wọ́n ń pè é, òṣìṣẹ́ tó máa ń lọ sí Èkó lójoojúmọ́, ní kí a bá òun pààrọ̀ fáànù pálọ̀. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Aago mẹ́wàá àárọ̀ la débẹ̀. Ìyá rẹ̀ àgbà, Màmá, nìkan ló wà nílé. Mo pa méènì, mo yọ fíúsì, mo fi í sápò. Mo tẹ́sìtì wáyà fáànù, mo gun àkàbà, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án. Ó ti kú fin-ín fin-ín. Gbogbo ohun tí Ọ̀gá kọ́ mi ni mo ṣe láìyọ ọ̀kan sílẹ̀.

A rí i pé irin tí fáànù máa fi kọ́ sókè ti dípẹtà. Múdà gun ọ̀kadà lọ sí Ìbàfò lọ ra òmíràn. Kò tètè rí i, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì kó tó dé. Èmi wà níta, mo ń wá ibi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà kan tó wà ní Mowé fún ẹni tí kò bá gbé ibẹ̀ rí. Iná ìjọba kì í dúró, kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló ní jẹ́nẹ́rétọ̀. Nítorí náà, aládùúgbò máa ń yá ara wọn ní iná. Wọ́n á na wáyà gígùn kọjá orí fẹ́ńsì, orí rẹ̀ méjèèjì ní pílọ́ọ̀gì, wọ́n á ki ọ̀kan bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé oníjẹ́nẹ́rétọ̀, wọ́n á ki èkejì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ẹni tó ń gba iná. Iná á gba sọ́kẹ́ẹ̀tì wọ gbogbo wáyà ilé láìgba méènì kọjá, gbogbo ilé á sì mọ́lẹ̀. Ohun tó léwu ni, mo sì mọ̀, torí èmi fúnra mi ti ṣe irú rẹ̀ fún èèyàn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ náà, kò wá sí mi lọ́kàn láti béèrè.

Ìyá Ìbejì tó wà lódìkejì fẹ́ńsì fẹ́ fa omi. Ó ké pe Màmá pé òun fẹ́ tan jẹ́nẹ́rétọ̀, kí wọ́n ki orí wáyà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Màmá dìde, ó sì ki orí wáyà náà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́yìn àga. Aájò ni. Ó rò pé iná tí a pa ti ìjọba ni, pé èyí kò kàn wá.

Mo gbọ́ ohùn jẹ́nẹ́rétọ̀ náà. Ta ni kì í gbọ́ jẹ́nẹ́rétọ̀ ní Mowé? Múdà ti dé, ó ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó ti gun àkàbà. Ó pè mí gba ojú fèrèsé láti orí àkàbà.

"Lámídì! Ṣé o ṣúà?"

Fóònù wà létí mi. Mi ò tilẹ̀ yíjú. Mo na àtàǹpàkò mi sókè, mo ní, "Mo ṣúà!"

Ẹyin lohùn. Mo gbọ́ igbe kan tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu èèyàn. Mo sáré wọlé. Múdà wà lórí àkàbà, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti di wáyà mú, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, àkàbà ń lu ilẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe? Mo ki ọwọ́ bọ àpò mi. Fíúsì wà níbẹ̀. Mo dì í mú, mo sì dúró, mo ń rò ó pé kò ṣeé ṣe, pé fíúsì wà lọ́wọ́ mi, iná ò lè wà nínú ilé yìí. Mi ò mọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí mo fi dúró. Ìtìjú tí mi ò lè bọ́ lára mi nìyẹn. Màmá ló ta mí jí. Ó ju ọmọ odó sí mi, ó ń ké pé, "Lù ú! Lù ú!" Mo fi igi náà lu apá ọ̀rẹ́ mi, mo tún lù ú, ọwọ́ rẹ̀ tú, ó sì já lulẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì.

Ó ń mí nígbà tí a gbé e dé ilé ìwòsàn kan ní Ìbàfò, ṣùgbọ́n kò lajú. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ ní kí n fọkàn balẹ̀, pé á dáa. Kí n tó mọ̀, mo ti bi í pé, "Ṣé ẹ ṣúà?" Ọmọbìnrin náà wò mí, ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ o. Ká máa gbàdúrà." Ó dùn mí wọra, síbẹ̀ mo bọ̀wọ̀ fún un. Ó mọ ọ̀rọ̀ náà lò jù mí lọ.

Àlímọ̀, ìyàwó Múdà, dé lẹ́yìn tí oòrùn ti ń rọlẹ̀. Kò sunkún. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé, ó wá yíjú sí mi.

"Ṣé ó bi yín kó tó fọwọ́ kàn án?"

Kò sí ẹlòmíràn tó máa jẹ́rìí sí i, Màmá kò gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo lè parọ́.

"Ó bi mí."

"Kí lẹ sọ?"

"Mo ní mo ṣúà."

Ó yíjú padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ jókòó síbòmíràn."

Mo lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, bí ilẹ̀kùn yẹn bá ti ṣí, ṣe ni mo máa ń dìde wò ó. Mi ò lè jẹun. Mo ń ka ìgbà tó mí, bíi pé tí n bá dẹ́kun kíkà, òun náà á dẹ́kun. Ọjọ́ kẹta ló lajú. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ni, "Ta ló taná?" Mo bú sẹ́kún bí ọmọdé. Kò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò ká mọ́ títí dòní.

Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, mo wọkọ̀ lọ sí Ifọ̀. Ọ̀gá Ṣówándé ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo rò fún un látòkèdélẹ̀. Mo ní gbogbo ohun tí ẹ kọ́ mi ni mo ṣe, sà. Mo yọ fíúsì. Mo fọwọ́ kàn án.

Ó ní, "Aago mélòó lo fọwọ́ kàn án?"

"Aago mẹ́wàá, sà."

"Aago mélòó ló bi ẹ́?"

"Ó ń lọ sí aago méjìlá, sà."

"Ṣé o rí i? Ti aago mẹ́wàá lo ṣúà. Ti aago méjìlá ló bi ẹ́." Ó wá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi ni mi ò kọ́ yín tó. Mo rò pé ẹ mọ̀. Ṣúà kì í pẹ́ kú, Lámídì. Bó o bá ti yíjú kúrò, ó ti kú nìyẹn. Wàá tún padà lọ wá a."

Mi ò ṣiṣẹ́ iná fún ọdún kan gbáko. Mo ń ta gúlóbù àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìbàfò. Bí oníbàárà bá bi mí bóyá gúlóbù ń tàn, mo máa ń kọ́kọ́ tàn án lójú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ogún ló rà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọ̀rọ̀ ṣúà yẹn kò jáde lẹ́nu mi mọ́. Ọmọ mi á ní, "Bàbá, ṣé ẹ máa wá sílé ìwé wa?" màá ní a óò rí i.

Ọjọ́ kan ni Múdà wọlé tọ̀ mí wá ní ṣọ́ọ̀bù. Ilé tó ń kọ́ ní Ọ̀fàdà ti dé ibi iná.

Ó ní, "Ìwọ lo máa bá mi ṣe é."

"Múdà, wá ẹlòmíràn. Mo bẹ̀ ẹ́."

"Mo mọ ẹlòmíràn, wọ́n pọ̀. Ẹlòmíràn á sọ fún mi pé òun ṣúà." Ó fi ìka rẹ̀ tí kò ká tẹ tábìlì mi. "Ìwọ ni ẹ̀rù ń bà."

Bí mo ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, tí mo sì ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ojú mi tó di bàìbàì. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ ọ, mi ò ní ìmọ̀ràn púpọ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò ti kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Bí ẹ bá dé ilé kan, ẹ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò ọ̀tún àti tòsì. Ẹ wo ẹ̀yìn àga. Bí ẹ bá jáde tọ̀ lásán, kí ẹ tún tẹ́sìtì rẹ̀ bí ẹ bá wọlé. Wọ́n á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, kò burú.

Ilé Ọ̀fàdà náà gbà wá lóṣù kan. Nígbà yẹn, bíréékà ti gba ipò fíúsì, kò sì sí ohun tí èèyàn máa yọ kì bọ àpò. Ìyẹn kó ìpáyà bá mi. Ọjọ́ tó kù ká so fáànù pálọ̀ kọ́, Múdà ní òun fẹ́ fọwọ́ ara òun so ó. Kò tíì fọwọ́ kan wáyà kankan látọjọ́ Mowé. Mo pa bíréékà. Àlímọ̀ wò mí, ó gbé àpótí ìjókòó, ó jókòó síwájú bíréékà náà, ó sì ká apá. Mo lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò ọ̀tún, mo lọ kan ti òsì, mo béèrè nípa jẹ́nẹ́rétọ̀, mo béèrè nípa wáyà. Mo padà wọlé, mo wo gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi mítà tẹ́sìtì. Múdà ti gun àkàbà, ọwọ́ rẹ̀ wà lófuurufú, kò ì kan wáyà.

Ó ní, "Lámídì. Ṣé o ṣúà?"

Mo fa àga kan, mo gun orí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàbà náà, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ mi kan wáyà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bó ṣe gbọ̀n níwájú Ọ̀gá lọ́jọ́ kìíní. Mi ò gbé e kúrò. Mo fi í síbẹ̀, mo sì sọ pé, "Mo ṣúà."

Múdà mú wáyà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ pẹ̀lú ìka mẹ́ta tó ṣẹ́ kù fún un. Nígbà tó yá, ó kùn pé, "Gbọ́wọ́ ẹ kúrò, jàre, o ń dí mi lọ́wọ́."

Mi ò gbé e kúrò títí ó fi parí.